Ilẹ̀kùn Ní Ààbò Ju Onílé Lọ: Lámèyítọ́ Òfin Ọlọ́pàá àti Aráàlú Nínú DarkRP

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ wa kan tí a jọ ń kọ kóòdù níbi iṣẹ́ dé sórí sáfà wa. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti lo wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kó tó délé, ó ní eré díẹ̀ lòun fẹ́ ṣe kóun tó sùn. Ó ra ilẹ̀kùn kan lójú pópó, ó gba iṣẹ́ oníṣòwò ìbọn, iṣẹ́ tí géèmù náà fọwọ́ sí, ó kó ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró de oníbàárà. Ọlọ́pàá kan wọlé. Kò sọ nǹkan kan. Ó fi kóńdó kàn án lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rẹ́ wa bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?" Ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ìlú ti lè rí i. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó jókòó fún 120 ìṣẹ́jú àáyá, wọ́n tú u sílẹ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́pàá kan náà tún dé. Kóńdó. Ẹ̀wọ̀n. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp rèé: "Ẹ̀yin èèyàn yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá ojú títì ni o. Ẹ tún wá lọ kọ́ òmíràn sínú kọ̀ǹpútà fún mi." Kò padà wá mọ́.

Àwa mẹ́ta la jọ dá sáfà náà sílẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà kan tí a yá ní Jámánì ló wà, àwọn tó ń wá síbẹ̀ lálẹ́ kì í sì í ju ogún lọ. A ti kọ òfin síbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ti máa rí i. Òfin kẹrin sọ ọ́ kedere pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni láìnídìí. Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé èèyàn burúkú kan ló wọ àárín wa. A lé e. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn gba iṣẹ́ ọlọ́pàá, ọmọlúwàbí èèyàn tí a mọ̀ dáadáa, òun náà tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó kan ẹnì kẹta la tó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ìwà lọ. A pa òfin tí àwa fọwọ́ kọ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a lọ ka òfin tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, ìyẹn kóòdù DarkRP. A kà á bí èèyàn ṣe ń ka ìwé eré oníṣe: ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló dákẹ́, ta ni wọ́n gbé agbára fún, ta ló ń san gbèsè? Inú kíkà yẹn ni lámèyítọ́ yìí ti jáde.

Ìlú tí kò ní olúborí

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: Garry Newman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe Garry's Mod, láti ọdún 2006 ni wọ́n sì ti ń tà á lórí Steam. Kò ní ìparí, kò ní olúborí. Ó dà bí yàrá tó kún fún ohun ìṣeré, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. DarkRP jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn eré tí àwọn èèyàn kọ sórí rẹ̀ ní èdè Lua, ó sì wà lára àwọn tó lókìkí jù. Kálukú máa ń gbé iṣẹ́ kan wọ̀ níbẹ̀ bí ẹ̀wù: aráàlú lásán, ọlọ́pàá, olórí ìlú, dókítà, oníṣòwò ìbọn, jàǹdùkú, aláìnílé. Owó iṣẹ́ ń wọlé fún yín ní ìṣẹ́jú díẹ̀ síra. Ó tán. Ohun tó kù ni ìlú kan, àti ìbéèrè tó wà nínú gbogbo ìlú: ta ló lè fọwọ́ kan ta, nígbà wo, nítorí kí ni?

Ohun tó mú kó yẹ fún lámèyítọ́ ni pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè ka òfin ìlú yìí láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ìlú mélòó nínú èyí tí à ń gbé ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀?

Ẹ̀kú tí kò ní atọ́kùn

Kí a tó dórí òfin, ẹ jẹ́ ká wo aṣọ ná. Àwọn àwòrán èèyàn tí DarkRP ń lò wá láti inú Half-Life 2, géèmù tí Valve gbé jáde lọ́dún 2004. Nínú ìtàn yẹn, àwọn àjèjì láti ayé mìíràn ti gba ayé lọ́wọ́ ọmọ èèyàn. Àwọn èèyàn kan wá ń bá àjèjì ṣiṣẹ́, orúkọ wọn ni Civil Protection. Wọ́n bo ojú, wọ́n mú kóńdó tó ń ta iná lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù náà, ọ̀kan nínú wọn gbá agolo kan sílẹ̀ níwájú yín, ó ní kí ẹ ṣà á, kí ẹ lọ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Kò sí ìdí kankan. Ó kàn fẹ́ rí i pé ẹ tẹríba ni.

Ẹ wá wo DarkRP bó ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe. Civil Protection ni orúkọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìbòjú yẹn náà ló wọ̀. Olórí ìlú gbé ojú Breen wọ̀, ọkùnrin tó fa ayé lé àjèjì lọ́wọ́ nínú Half-Life 2, tó sì ń bá wọn ṣàkóso rẹ̀. Àwọn jàǹdùkú ńkọ́? Aṣọ àwọn ajàjàgbara ni wọ́n wọ̀.

A ò sọ pé ẹni tó ṣètò rẹ̀ ní èrò kan lọ́kàn. Ohun tó wà nílẹ̀ ló mú lò. Ṣùgbọ́n aṣọ máa ń kọ́ni. Ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú kì í rìn bí ẹni tó ń lọ sọ́jà. Ní ilé wa, eégún tó bá jáde ní atọ́kùn, ẹni tó ń darí rẹ̀, tó ń bá a sọ̀rọ̀, tó ń dá a dúró bó bá fẹ́ ṣe àṣejù. DarkRP gbé ẹ̀kú fún ọlọ́pàá, ó gbé pàṣán fún un, ó wá gbàgbé atọ́kùn.

Ìlà méjì

Ẹ ṣí fáìlì ètò DarkRP, ìyẹn ibi tí ẹni tó ni sáfà ti ń yan bí ìlú rẹ̀ ṣe máa rí. Ẹ máa rí ìlà kan tó ń jẹ́ doorwarrants. Ohun tó ń bèèrè ni pé: ṣé ó di dandan kí ọlọ́pàá gba ìwé àṣẹ kó tó fọ́ ilẹ̀kùn ẹni wọlé? Ìdáhùn tó bá fáìlì náà wá ni true, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. Ó dára. Ẹ tún wá ìlà mìíràn nínú fáìlì kan náà, needwantedforarrest. Èyí ń bèèrè pé: ṣé ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ kéde èèyàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìjọba ń wá kí ọlọ́pàá tó lè mú un? Ìdáhùn tó bá a wá ni false.

Ẹ rọra tún un kà. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yín. Kò nílò àṣẹ kankan láti fọwọ́ kan ẹ̀yin fúnra yín. Ilẹ̀kùn ní ààbò ju onílé lọ.

Bí a bá wo bí géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Lójú ayé, ìbọn wúwo ju ẹ̀wọ̀n lọ, nítorí ẹni tó kú kò padà wá. Nínú DarkRP, kò pẹ́ tí ẹ bá kú ni ẹ máa jí, ẹ máa tẹ̀ síwájú. Ẹ̀wọ̀n ló ń gba àkókò yín, 120 ìṣẹ́jú àáyá bó ṣe wá, àkókò sì ni ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó jókòó sídìí géèmù mú wá láti ayé gidi. Détà rẹ̀ ń lọ, iná lè lọ, ọ̀la jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Kóńdó ni ohun ìjà tó lágbára jù nínú ìlú yẹn. Òun gan-an ni wọn ò sì fi nǹkan kan dè.

Ìyẹn ni òfin kẹrin tí àwa kọ ṣe dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Kóòdù sọ pé "o lè ṣe é", àwa sọ pé "jọ̀ọ́, má ṣe é". Ẹni tó mú kóńdó lọ́wọ́, kóòdù ló ń gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ní Nàìjíríà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ta wá lára. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 35, ní kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi mú èèyàn fún un ní àkọsílẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ní èdè tó gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lórí ìwé. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ jáde lòdì sí SARS ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù sẹ́yìn dúró láìṣẹ̀ láìrò. Àwa tí kóòdù jẹ́ iṣẹ́ wa mọ adùn àti oró ọ̀rọ̀ yẹn. Kò wá yẹ kó jẹ́ pé nígbà tí àwa náà ní ìlú kékeré kan tí a lè kọ òfin rẹ̀ bó ṣe wù wá, ìlà yẹn la máa fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwa la fi í sílẹ̀ o. A ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Àtúnṣe tí kò tún nǹkan ṣe

Kíá la yí false sí true. Àfi bí ẹni pé a ti ṣẹ́gun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà la rí i pé ọlọ́pàá kan náà tó fẹ́ múni ló ń kéde pé ìjọba ń wá ẹni náà. Ó kàn máa tẹ àṣẹ wanted, orúkọ, àti ìdí. Kóòdù fẹ́ kó kọ ìdí kan, kò bìkítà ohun tó kọ. A rí "olè". A rí "ó ń wò mí". A rí ẹni tó tẹ lẹ́tà "a" kan ṣoṣo. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọlọ́pàá tiwa kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan.

A ní kò burú, ó ṣì ku ìwé àṣẹ. Olórí ìlú ló ń fọwọ́ sí ìyẹn, aráàlú ló sì dìbò yàn án. Bí ọlọ́pàá bá bèèrè ìwé àṣẹ, ìbéèrè máa yọ lójú olórí ìlú, yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ ò rí i pé atọ́kùn ti dé? Ṣùgbọ́n bí ìlú kò bá ní olórí lásìkò yẹn, kóòdù kì í kọ̀. Ṣe ló máa fún ọlọ́pàá ní ìwé àṣẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àìsí adájọ́ di ìdájọ́ tó gbe ọlọ́pàá.

Àwọn jàǹdùkú náà ló wá fi òmùgọ̀ parí ọ̀rọ̀. Lórí sáfà wa, bí wọ́n bá pa olórí ìlú, ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà pípa á di eré ìdárayá fún wọn. Wọ́n rò pé ìjọba làwọn ń bá jà. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ fún ọlọ́pàá pé "rárá" ni wọ́n ń pa lójoojúmọ́.

Ẹjọ́ ọlọ́pàá náà rèé

Bí a bá dákẹ́ síbí, àwa náà ti di agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá. Nítorí náà, a gba iṣẹ́ ọlọ́pàá fún ọ̀sẹ̀ kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láìsọ ẹni tí a jẹ́.

Ẹ gbọ́, iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọlọ́pàá mẹ́rin péré ni DarkRP gbà láàyè bó ṣe wá, pẹ̀lú ọ̀gá wọn kan. Gbogbo ìlú ló kù. Ẹ lọ bá ẹnì kan ní jẹ́jẹ́, ẹ ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró", ó yọ ìbọn, ó yìn ín. Ẹ na ìbọn sí i, ẹ ní kó ká ọwọ́ sókè, kò ká a, ó ń fò sókè fò sílẹ̀ bí àkèré. Kí ló dé tó fi máa bẹ̀rù? Bó bá kú, ó máa jí. Ọ̀pọ̀ sáfà ló ní òfin pé kí èèyàn máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀, pé ẹni tó kú kò gbọdọ̀ rántí ẹni tó pa á, kò sì gbọdọ̀ padà lọ gbẹ̀san. Tiwa náà ní in. Orí ògiri ni tìyẹn náà wà.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wa fi kóńdó kan ọmọkùnrin kan tí kò ṣe nǹkan kan. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kí n tó bi í léèrè, ó máa ti pa mí." Ẹnu yà wá. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin kẹrin.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yé wa. Àwọn tó ni sáfà máa ń rò pé agbára ni wọ́n ń dọ́gba: bí ọlọ́pàá bá lágbára jù, kí wọ́n dín ìbọn rẹ̀ kù, bí jàǹdùkú bá ń borí jù, kí wọ́n fi ọlọ́pàá kún un. Kì í ṣe agbára ló yẹ kó dọ́gba. Ọlọ́pàá kò lè bá aráàlú dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe ọlọ́pàá mọ́. Iye tí àṣìṣe ń náni ló yẹ kó dọ́gba. Nínú DarkRP bó ṣe wá, ọlọ́pàá tó mú aláìṣẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan. Jàǹdùkú tó yìnbọn lu ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ náà kò pàdánù nǹkan kan. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sanwó ni ọ̀rẹ́ wa tó ń ta ọjà rẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kò níí jẹ níbẹ̀ láéláé.

Ṣé kí a kàn yan èèyàn rere?

Àwọn kan ní ìdáhùn mìíràn. Lórí FiveM, tí àwọn èèyàn fi ń ṣe irú eré yìí nínú GTA V, ọ̀pọ̀ sáfà kì í jẹ́ kí ẹni tó bá kàn wọlé di ọlọ́pàá. Ẹ máa kọ̀wé béèrè, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, wọ́n á kọ́ yín níṣẹ́, ọ̀gá máa wà lókè yín. A bọ̀wọ̀ fún un. Ó dùn ún wò nígbà tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ dúró, tó kí awakọ̀, tó sọ ẹ̀sùn, tí ọ̀rọ̀ wá di ìtàn tí àwọn méjèèjì jọ ń hun.

Ṣùgbọ́n sáfà ńlá tó ní èèyàn rẹpẹtẹ ló lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìlú ogún èèyàn kò ní ẹni tó pọ̀ tó láti yàn. Àwa sì ti yan èèyàn rere rí: ara wa. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá.

Ohun tí a wá ṣe kò pọ̀. DarkRP ní ibi kan tó ń jẹ́ canArrest, tí kóòdù ti máa ń dúró bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó wọ ẹ̀wọ̀n: ṣé kí n gbà á láàyè? A kọ ìdáhùn tiwa síbẹ̀. Àkọ́kọ́, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn, ẹ̀sùn náà á yọ lójú ẹni tí wọ́n mú àti lójú gbogbo ìlú, pẹ̀lú orúkọ ọlọ́pàá tó kọ ọ́. Èkejì, ẹni tí wọ́n mú lè pe ẹjọ́. Bí èèyàn mẹ́ta tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà bá gbà pé ẹ̀sùn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ọlọ́pàá náà ló máa lọ jókòó fún àkókò tó kù. Ẹ̀kẹta, bí ìlú kò bá ní olórí, ìwé àṣẹ kò sí, ó parí. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí wọ́n na ìbọn sí tó sì kọ́kọ́ yìnbọn, bó bá kú, kò ní jí fún 120 ìṣẹ́jú àáyá. Iye kan náà. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó.

Ìlú kò di ọ̀run o. Ọlọ́pàá méjì bínú kúrò, wọ́n ní a ti sọ àwọn di akọ̀wé. Àwọn kan ń pe ẹjọ́ lórí ohun tó hàn gbangba, kìkì láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà kan wà tí àwọn mẹ́ta tó dìbò jẹ́ ọ̀rẹ́ jàǹdùkú tí wọ́n mú, ọlọ́pàá tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ló lọ jẹ̀wọ̀n. A ṣì ń wá ojútùú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan yí padà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàápàá: ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ kọ ẹ̀sùn, ó ní láti mọ ẹ̀sùn. Láti mọ̀ ọ́n, ó ní láti béèrè. Nítorí pé ìbọn yíyìn ti ní iye, ẹni tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ń dáhùn. Eré oníṣe, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń gbé e ró. Ìlú wa tó ti dákẹ́ bí itẹ́ òkú tún ń pariwo bí ọjà.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá sáfà tiyín sílẹ̀, kí ẹ tó máa yan àwọ̀ ọkọ̀ ọlọ́pàá àti irú ìbọn tí wọ́n máa gbé, ẹ kọ́kọ́ ṣí fáìlì ètò yẹn. Ẹ wá ìlà tí wọ́n kọ false sí. Ẹ bi ara yín pé bí ọlọ́pàá ìlú yín bá ṣe àṣìṣe lálẹ́ òní, ta ló máa sanwó rẹ̀?

A kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ wa pé a ti tún nǹkan ṣe. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ṣé wọ́n á sọ ohun tí mo ṣe fún mi báyìí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun máa wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀, bí iná bá wà.